Owú Pupa Lára Ife Bọ̀dá Télọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ni Bọ̀dá Télọ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹnu wọn dùn débi pé oníbàárà tó wá gba ṣòkòtò á jókòó títí, á gbàgbé ṣòkòtò ọ̀hún sílẹ̀ lọ. Ọ̀fun tí ọ̀rọ̀ dídùn yẹn ń gbà jáde náà ni jẹjẹrẹ wá mú. Wọ́n fi ẹ̀rọ jó o lọ́sibítù, ó lọ. Kò pé ọdún kan, ó tún so kókó lọ́rùn wọn. Dókítà ní oògùn méjì ló máa para pọ̀ kọlù ú báyìí, wọ́n á máa fà á sí wọn lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn wọlé wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ó tún so aṣọ ọlọ́rá mọ́ àyà. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, mo bá túmọ̀ ẹ̀ fúnra mi: àìsàn yìí máa ń ranni nìyẹn! N ò bi ẹnikẹ́ni. Bá a ṣe délé, mo so owú pupa mọ́ etí ife kan, mo ní tiwọn nìyẹn, kí ẹlòmíì má fi mumi. Inú àpótí iṣẹ́ wọn ni mo tiẹ̀ ti mú owú náà, ojú ò tì mí.

Wọ́n rí i. Wọ́n fọwọ́ pa á bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ pa aṣọ. Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n máa mumi dáadáa, torí ọ̀kan nínú oògùn yẹn máa ń ni kíndìnrín lára. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé ife, wọ́n á wo owú, wọ́n á tún gbé e kalẹ̀. Mo ń rí i o. Mo ń ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Nígbà tá a pa dà lọ gba ìkejì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nọ́ọ̀sì mi orí.

"Baba, a ò lè fún yín lónìí. Kíndìnrín yín ò ní gbà á. Ṣé ẹ ń mumi ṣá?"

Kókó ń dàgbà lọ́rùn, àwa ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

"Àbúrò mi ń fún mi," ni Bọ̀dá fi ohùn tó há sọ. "Èmi ni ọ̀lẹ. Ẹ bá mi wá pàṣán."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò kàn lanu ni, ǹ bá wọ ilẹ̀ lọ. Mo wá béèrè ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́.

"Hàà, ìyá, oògùn yẹn la ń sá fún, kì í ṣe baba! Ó lè ba awọ ara wa jẹ́. Ta ló ní jẹjẹrẹ ń gba ara ife ranni?"

Nígbà tá a délé, mo fi sísọ́ọ̀sì wọn gé owú náà. Mo bu omi kún ife, mo mu ún dé ìdajì, mo kúnlẹ̀, mo gbé ìyókù fún wọn.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú."

"Owú tí mo fi ń rán aṣọ ìyàwó lo sọ di ẹ̀gbà ọrùn ife. Kókó tó o ta gan-an ò dáa. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ ni. Bu òmíì wá."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi mumi bí ẹni ń bomi rinko. Nígbà tá a pa dà lọ sí ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ wọn dáa, wọ́n gba oògùn méjèèjì.

"Baba, àbúrò gidi lẹ ní," ni nọ́ọ̀sì wí.

Bọ̀dá ṣẹ́jú sí mi. Èmi ò lè gbójú sókè, bàtà nọ́ọ̀sì ni mo ń wò.