Káàdì Tí Mi Ò Mọ̀ Ọ́n Ta Nílé Bàbá Bísí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí káàdì ẹlẹ́ranko ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àbí ẹ tilẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́.

Lọ́dún 1999, tíṣà ni mí ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì máa ń fi yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Bísí, nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fẹ́, mú mi lọ kí bàbá rẹ̀ ní Emùré-Ilé. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oko kòkó ló kù tó ń lọ.

A ò tíì jókòó dáadáa tí Bàbá fi gbé páálí kékeré kan jáde. Káàdì ló wà nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi í ránṣẹ́. Àwòrán ẹranko abàmì ló wà lára wọn: ti iná, ti omi, ti ewé. Ẹranko tìrẹ á máa bá ti ẹnìkejì jà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ kú tán ló fìdí rẹmi. Bàbá bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ta.

Kí ló dé tí mi ò sọ pé rárá? Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà!"

Nísàlẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ àìlera àti ìdènà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ya àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Lára ẹranko ewé, mo rí àmì iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àìlera. Èmi tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, mo pinnu pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ewé á sọ iná di aláìlera! Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ti gbé iná kalẹ̀, ewé ni mo fi ń pàdé rẹ̀. Ewé! Iná jó gbogbo wọn tán.

Bàbá wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ti mọ ohun tí mò ń ṣe, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí òun borí ni, pé ọmọ tó mọ àgbà báyìí ṣọ̀wọ́n. Kí ni mo sọ? Mo tẹrí ba bí onírẹ̀lẹ̀.

Nígbà tí Bísí ń sìn mí lọ wọkọ̀, ó bi mí lójúkojú: "Ṣé lóòótọ́ lo fi í sílẹ̀ fún bàbá mi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí àgbà ni wọ́n."

Ó di ọwọ́ mi mú títí mọ́tò fi dé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ní kí n wá. Kátíkíìsì ìjọ wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń nà án nínú káàdì, ti jókòó, Bísí náà sì wà níbẹ̀. Bàbá ní, "Tíṣà, má bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni lónìí o. Bá mi nà án!"

Kátíkíìsì gbé iná kalẹ̀. Mo gbé ewé kalẹ̀, àyà mi ò já. Ó ní máàkì ogún ni òun fi lù mí, ṣùgbọ́n ó di ogójì nítorí àìlera ewé mi. Mo fò dìde! Mo ní ojóró nìyẹn, pé ewé ló ń sọ iná di aláìlera, ó wà lára káàdì kedere!



Kátíkíìsì rọra ní, "Tíṣà, àìlera ni ohun tó ń dùn ún ní ìlọ́po méjì. Ìdènà ni ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án."

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá bí mo ṣe ta á lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Mo wo Bísí. Ilẹ̀ ni Bísí ń wò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Bàbá ò pariwo. Ó ní kí n máa lọ, pé òun á ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi retí! Bí ọmọ kan bá bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, òógùn á bò mí.

Nígbà tó pè mí, ó to káàdì sílẹ̀, ó kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá mú ọ̀kan sókè. "Wò ó, Tíṣà. Eléyìí kọ àìlera ẹ̀ sára kí ọ̀tá pàápàá rí i, síbẹ̀ ó ń jà. Kí ni tìẹ?"

Mo ní, "Ẹnu mi kì í gbà á láti sọ pé mi ò mọ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé iyán wá fún mi.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá dárí jì mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Bísí? Oṣù mẹ́fà gbáko! Ó ní bàbá òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ, ṣùgbọ́n òun bi mí, mo sì wo òun lójú, mo purọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé "mi ò mọ̀" kì í ba orúkọ ẹni jẹ́ tó ìyìn tí kì í ṣe tẹni. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti sọ rí pé ẹ mọ̀, tí ẹ ò sì mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín náà, kí n má bàa dá nìkan jẹ́ òpònú!