Igi Aláwọ̀ Eérú Lọ́nà Del Rio

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti bàbá mi jáde nílé wa ní àdúgbò Brays Oaks. Olùkọ́ wa fẹ́ kí olúkúlùkù ya fọ́tò igi aṣálẹ̀ kan tó hù fúnra rẹ̀, tó sì yọ òdòdó. Èmi mú cenizo. Èdè Spanish ni, ó túmọ̀ sí aláwọ̀ eérú. Wọ́n ń gbìn ín síwájú àwọn ilé ìtajà ní Stafford, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn gbìn kò wúlò. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni a ó kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́. Sátidé yìí nìkan ni bàbá mi ráyè, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ń dúró dè wọ́n lálẹ́.

Bàbá mi gbàdúrà nínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ wa, pé kí òjò má pa wá lọ́nà. Ẹnu mi wúwo, nítorí ẹ̀yìn òjò ni cenizo máa ń yọ òdòdó.

"Tọ́pẹ́, mi ò gbọ́ àmín ẹ."

"Dádì, òjò yẹn ni igi náà ń dúró dè."

"Á ti rọ̀ sọ́hùn-ún lánàá. Ó yá, ṣe àmín."

Mo ṣe é.

A kọjá Cinco Ranch lórí títì márosẹ̀, à ń lọ síhà Del Rio níbi tí cenizo ti ń hù nínú igbó. Lẹ́yìn San Antonio, ilé dín kù, ilẹ̀ sì funfun bí ẹfun, kò pupa bíi ti Ìkìrun. Ní Uvalde, a ra taco ní dọ́là mẹ́ta ẹyọ kan: ẹyin àti ata tí wọ́n fi àkàrà pẹlẹbẹ dì. N kò lè jẹ tèmi tán. Gbogbo igbó ló dà bí eérú lójú mi, n kò rí òdòdó kankan.

Nígbà tí Del Rio kù díẹ̀, bàbá mi dúró lójijì.

"Òun nìyẹn, elése àlùkò. Yà á ká máa lọ sílé."

Mo kúnlẹ̀ wò ó. Ewé rẹ̀ tò ní méjì-méjì bíi ti igi irú. Ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ó ṣe àṣìṣe, nítorí náà mo ní, "Dádì, àwọ̀ yẹn gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan ewé ẹ̀."

"Ó ń dán."

"Ti cenizo ní irun. Guayacán ni wọ́n ń pe èyí, sà."

"Ìwọ àti gúáyà ẹ. Ṣé o fẹ́ kí n máa tòògbé lórí aláìsàn ni?"

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ ká kàn dé ẹ̀yìn òkè yẹn."

Wọ́n wo aago, wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ síwájú. Ẹ̀rù bà mí pé n óò fi àárọ̀ wọn ṣòfò lásán.

Lẹ́yìn òkè náà, ilẹ̀ kòtò kan ṣì tutù fún òjò tó ti rọ̀. Àwọn igi eléèérú dúró síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló yọ òdòdó. Ewé rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Òdòdó náà rí bí agogo, irun wà nínú rẹ̀, àmì kéékèèké pupa rúsúrúsú sì wà ní ọ̀fun rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kó dúró. Bàbá mi di ẹ̀ka náà mú títí mo fi ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀ kedere.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a délé. Bàbá mi kò fẹ̀yìn lélẹ̀ rárá. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì jáde. Mo kọ́ pé àwọ̀ òdòdó kò tó láti fi pe igi lórúkọ, àfi kí ewé jẹ́rìí sí i. Mo sì kọ́ pé bí ọmọ bá bẹ òbí pé kí wọ́n rìn síwájú díẹ̀ sí i, inú oorun òbí ni díẹ̀ náà ti ń wá.