Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kí Bàbá Àlàbá

Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ìkéré, ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ló wù mí jù. Àwa díẹ̀ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa ti inú ilé wa fọhùn lórí afẹ́fẹ́, a máa ń pàdé níbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Bàbá Àlàbá ní Emùré, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ni àgbà wa. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun. Àwa nìkan ni wọ́n ń rí bá sọ̀rọ̀.

Àyè wa lórí afẹ́fẹ́ kò fẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́. Ni Kọ́lá bá ti London dé sí Ìsẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń fi rédíò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ariwo á bo gbogbo àyè náà, bí ìgbà tí wọ́n da àkàrà sínú epo gbígbóná.

A pe ìpàdé lórí afẹ́fẹ́ láti jiyàn lé e. Kọ̀ǹpútà ni Kọ́lá fi fèsì! Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ nínú wa, ariwo la wá ń bá jiyàn. Mo tilẹ̀ jágbe mọ́ ariwo náà pé, “Mi ò gbà!”

Nígbà tó yá, ó fẹnu sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin àgbà, àyè lẹ̀rọ mi ń gbà, kì í gba àkókò. Ẹ̀yin ń kíra, ẹ ò tíì béèrè uṣu tán tí oòrùn fi ń ta.”

Òótọ́ ni, ìyẹn ló bí mi nínú.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà kí Bàbá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn: “Ulé ńkọ́? Uṣẹ́…” Ṣàà! Kọ̀ǹpútà tún kí wọn. Àfi kí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn kó tó dákẹ́, Bàbá ò sì ní kọ̀ǹpútà. Ó kí wọn títí wọ́n fi pa rédíò.

Ní Sátidé kejì, a ò gbọ́ ohùn wọn. Mo lọ fi ọ̀kadà gbé Kọ́lá ní Ìsẹ̀, ó di Emùré. A bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu. Kọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ulé ńkọ́?” Bàbá béèrè. Wọ́n béèrè kòkó, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ̀. Kọ́lá ń dáhùn nílẹ̀, èèrà ń rìn lọ́rùn rẹ̀.

“Ó pẹ́, àbí?”

“Ó pẹ́, sà.”

“Ṣé ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ rẹ?”

“Rárá, sà.”

“Hẹn-ẹn. Dìde, wá jẹ uṣu.”

A fẹnu kò pé ìkíni ni yóò ṣáájú, kọ̀ǹpútà á tẹ̀lé e. Ní Sátidé, Kọ́lá ló kọ́kọ́ fẹnu kí Bàbá, ó sì béèrè orúnkún wọn. Ìgbà tó fi máa kan kọ̀ǹpútà, iná ìjọba ti lọ. Bàbá nìkan ló kù lórí afẹ́fẹ́; nínú rédíò kékeré kan tí mò ń tún ṣe ni mo ti gbọ́ wọn, wọ́n ń fi bátìrì rẹ́rìn-ín.