Ìka Wíwọ́ Ọwọ́ Bàbá Mi

Òórùn wàláà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi bí mo bá ti wọ agbo ilé wa ní Ìwó. Orí pákó yẹn làwọn ọmọ kéwú máa ń kọ ẹsẹ̀ Kùránì sí. Bí ẹ̀kọ́ bá ti wọ̀ wọ́n lórí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Bàbá mi ni àfáà wọn. Gbogbo àdúgbò ló ti gbà pé èmi ni màá jókòó sórí awọ àgùntàn tí bàbá mi ń jókòó lé kọ́ wọn ní kéwú, bí wọn ò bá sí mọ́. Èmi nìkan ni mi ò tíì gbà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ara mi ò sì balẹ̀ rárá. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo fi í sílẹ̀. Mo gun ọ̀kadà láti Ìwó sí Ilé-Ogbó títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ilé kíkùn àti àkọlé ara ṣọ́ọ̀bù ni mo tún wá gbé lọ́wọ́. Nílé olùkọ́ yunifásítì kan tí mo ń kùn ni mo ti rí ìwé ńlá kan lórí tábìlì. Ìtàn ayàwòrán ará ilẹ̀ Họ́láǹdì kan ni, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Olùkọ́ náà rí i pé mi ò kun ògiri mọ́, ó bá rẹ́rìn-ín: "Mú un lọ kà, ṣùgbọ́n parí ilé mi o."

Ọ̀rẹ́ mi, ìtàn náà gbá mi mú. Àlùfáà ni bàbá ọkùnrin yìí náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá wọn ta àwòrán, ó ṣe tíṣà, ó ta ìwé, ó tún lọ ń wàásù fún àwọn tó ń wa èédú. Ó kó aṣọ rẹ̀ fún wọn, ó ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀gá ìjọ bá dá a dúró. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun náà nígbà tó pinnu pé àwòrán lòun máa yà. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ dúdú bí ilé ìdáná; ìgbà tó ṣí lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé ni àwọ̀ oòrùn tó wọ inú àwòrán rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ayàwòrán náà sì kú kí ayé tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó dá mi dúró ni àwòrán àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ pòtétò lábẹ́ àtùpà. Ọwọ́ wọn rí gbágungbàgun, o máa mọ̀ pé ọwọ́ yẹn gan-an ló wa pòtétò náà nílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ara kò gbà mí mọ́. Wọn kì í fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí nílé wa, ṣùgbọ́n mo tan ara mi pé ọwọ́ lásán kì í ṣe odindi èèyàn. Mo fa wàláà àtijọ́ kan yọ, mo ti gègé bọ tàdáà tí wọ́n fi ń kọ kéwú, mo sì ya ọwọ́ bàbá mi tó di gègé mú. Ọ̀kan nínú ìka wọn wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ń dáko ní Olúpọ̀nnà. Mo nà án tààrà. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á, áńbọ̀sìbọ́sí baba ẹni.

Bàbá mi ti ìrun Aláásárì dé, wọ́n sì rí wàláà náà níbi tí mo gbé e sí kó gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí wọ́n bá ní kí n má yàwòrán mọ́, mi ò ní yà á mọ́, mi ò sì mọ irú èèyàn tí màá dà.

"Ọwọ́ ta lèyí?"

"Ọwọ́ yín ni, Bàbá."

Wọ́n gbé ọwọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n wò ó títí. "Irọ́ ni. Ìka mi dà?"

"Ẹ má bínú, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Oko tí mo fi tọ́ ẹ ló wọ́ ọ. Ṣé ojú ń tì ẹ́ ni?"

Bàbá mi bu omi, wọ́n fọ wàláà náà mọ́ féfé, mo sì rò pé ó parí nìyẹn. Inú mi bàjẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe jókòó sórí awọ àgùntàn, tí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún lé orúnkún. "Fífọ̀ la máa ń fọ wàláà. Lọ wá bébà." Wọ́n wá sọ fún mi ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọ kéwú tó bá ṣì í kọ: "Tún un kọ."

Àbúrò mi ló jókòó sórí awọ náà lónìí. Ara èmi ò tíì balẹ̀, bóyá kò sì ní balẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ń ya ẹni tí mo fẹ́ràn, tí ọwọ́ mi fẹ́ tún un ṣe ju bó ṣe rí lọ, mo máa ń gbọ́ ohùn bàbá mi: "Ìka mi dà?"