Ìbọn Tó Ti Ké

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òmìnira ṣì tuntun, ìbọn kì í bà wá lẹ́rù ní abúlé wa lẹ́bàá Atakpamé. Ìbọn ìbílẹ̀ la mọ̀, èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí. Bó bá ti ké lẹ́ẹ̀kan, ó di igi lásán. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé, "Ìbọn tó ti ké, òkú ni." Àṣà ilé wa sì ni pé ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí ọdẹ ni í gba òkú ìbọn náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí í gbé e wálé. Èmi ni àkọ́bí. Ẹ ò rí bí mo ṣe máa ń yan!

Ọ̀yà wá ń jẹ àgbàdo wa run. Bàbá mi lọ ra ìbọn òyìnbó kan, kárábínì, ní ìlú Anié, irú èyí tí ọta rẹ̀ kéré bí ẹ̀wà, tó ń ki ọta sínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í bá nǹkan, jàre! Ọ̀yà á wà níhìn-ín, ọta á gba ọ̀hún lọ.

Alágbẹ̀dẹ abúlé wa tú u. Ó ní irin inú rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ti ọta wọlé, ló ń mì bí eyín arúgbó, kì í jókòó síbì kan. Ó fi irin tí wọ́n fi ń pọ́n àdá ha á, ó fi páànù fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ nídìí, ó dá a padà.

Bàbá mi yìn ín lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ. Èkùrọ́ tó gbé ka orí kùkùté fò dànù! Inú rẹ̀ dùn, ó gbé ìbọn náà fún mi. "Ó ti ké. Gbé e lọ fún ìyá rẹ."

Ìyá mi ń yọ àgbàdo nídìí ààrò, ó pọn àbúrò mi sẹ́yìn. Mo ń fi ẹnu ìbọn júwe bí èkùrọ́ ṣe fò fún un ni mo gbọ́ igbe alágbẹ̀dẹ tó ń sáré bọ̀: "Má mira o! Kò kú! Ó ti ki òmíràn!"

Yéè! Ó ní kí n má mira, ìtọ̀ sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi. Ẹnu ìbọn náà kọjú sí àyà ìyá mi. Kò sá. Bó bá yí padà, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbọn á máa wò. Ó dúró, ó ní, "Ojú mi ni kó o wò, ìyá mi."

Alágbẹ̀dẹ gbá ọwọ́ mi sókè. Ìbọn ké sójú ọ̀run. Nígbà tí bàbá mi dé, ó fa irin náà sẹ́yìn, ọta mìíràn tún já bọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí. Nígbà tiwa, ohun tó bá kú kì í dìde. Lánàá, ọmọkùnrin kan ń tún wáyà iná ṣe nílé mi, ó ní, "Màmá, kúráǹ ti lọ, ó ti kú." Mo pariwo mọ́ ọn pé kó jáwọ́. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rín in. Àbúrò mi tí ìyá wa pọ̀n lọ́jọ́ náà ni bàbá tó bí i.