Iwe Adìyẹ Bàbá Ládòkun

Ládòkun fi ìka kan ṣoṣo yí itan adìyẹ nínú àwo, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó yí apá rẹ̀, ó wo abẹ́ ìyẹn náà. Ó lá ìka náà díẹ̀, ó rántí pé òun ń bínú, ó sì nù ún mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Iwe ló ń wá. Fún ogójì ọdún tí òun àti Àyọ̀ká aya rẹ̀ fi gbé ní Tẹ̀dé, wọn kò pa adìyẹ rí kí iwe rẹ̀ má gun orí ẹran nínú àwo baálé. Ọmọ kì í jẹ ẹ́, àlejò kì í jẹ ẹ́. Nígbà tí Àyọ̀ká kú, tí ojú Ládòkun kò sì rí fọ́nrán òwú mọ́ lórí òfì, Samsudeen ọmọ rẹ̀ mú un wá sí Ìsẹ́yìn. Ó ní bàbá ni olórí ilé níbikíbi tó bá wà. Bàbá gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, ó rí iwe rẹ̀ gbà. Láti ọjọ́ náà, Fàrídà ìyàwó Samsudeen ti se adìyẹ lẹ́ẹ̀mẹta, iwe kò yọjú mọ́.

Olùkọ́ ni Fàrídà. Bó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, yóò po oyin ìgàn mọ́ omi àjàgbọn, yóò fi ata àti atalẹ̀ sí i, yóò dà á lé adìyẹ lórí nínú abọ́ páànù. Yóò gbé abọ́ náà sínú ìkòkò ńlá tí yanrìn gbígbóná wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò dé e, yóò sì kó ẹ̀yinná lé ọmọrí. Kó tó yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wò tán, adìyẹ ti pọ́n, ọbẹ̀ ara rẹ̀ ti ki, ó ń dùn, ó ń kan.

Ládòkun kì í fẹnu kan ọbẹ̀ náà. Ó ní ọmọdé ni wọ́n ń fi ohun dídùn tàn. Yóò nu ọbẹ̀ kúrò lára ẹran kó tó fi jẹ iṣu.

Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé òfì tó máa ń lọ jókòó sí. Kò dárúkọ iwe. Àgbàlagbà wo ló máa sọ pé iwe adìyẹ ló ń lé òun kúrò nílé? Oyin ló dá lẹ́bi. Mákindé tó ń hun aṣọ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Wọ́n fi oyin se adìyẹ fún ọ, o ń ráhùn. Ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ níbí.”

Gbogbo ilé òfì rẹ́rìn-ín. Inú bí Ládòkun, ó ránṣẹ́ sí Olúkúnlé onímọ́tò pé kó fi àyè kan sílẹ̀ fún òun lọ́jọ́rú, òun ń padà sí Tẹ̀dé. Kò sí ẹni tí yóò dáná fún un níbẹ̀. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí iwe nínú àwo, ṣé olórí ilé ni àbí àlejò?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Bó ti yí ẹran náà tán, ó bi Fàrídà léèrè wẹ́rẹ́, bí ẹni ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀.

“Ìyá Misturat, adìyẹ Ìsẹ́yìn yìí, ṣé wọn kì í ní iwe ni?”

Fàrídà wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Wọ́n ní, bàbá. Inú ọbẹ̀ yín ló wà. Mo gé e wẹ́wẹ́ ni.”

“Ta ló ní kí o gé e?”

“Lọ́jọ́ ìtúnu, ẹ yí i kiri ẹnu títí. Ẹ wá fi fún ológbò.”

Ahọ́n Ládòkun lọ sí ibi tí erìgì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Fàrídà ní òun kò sọ fún Samsudeen, àti pé ọbẹ̀ àwo bàbá nìkan ni òun ń kó iwe sí.

Ó fi iṣu kan ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó tún fi kàn án. Nígbà tó yá, iṣu tán, ó fi ìka gbá àwo náà yípo.

“Ọjọ́ wo lo tún máa se irú rẹ̀?”

“Ọjọ́bọ̀, bàbá.”

Ó ní ata rẹ̀ lè pọ̀ jù báyìí lọ díẹ̀. Fàrídà, tó ti gbọ́ nípa ìrìnàjò ọ̀la, béèrè bóyá kí òun bá a di ẹrù Tẹ̀dé. Ó dé fìlà, ó bọ́ síta, ó sì forí lé ọ̀nà ilé Olúkúnlé láti ní kó fi àyè náà fún ẹlòmíràn, ó ń pọ́n ètè lá bó ti ń lọ.