Aṣọ Ìkẹyìn

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé òtútù Johannesburg ti dé. Nínú oṣù kẹfà ọdọọdún, bí ìrì bá ti ń dì funfun sórí koríko iwájú ilé wa ní Yeoville, ìyá mi a fa àpótí irin rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ṣí i, òórùn náà a sì borí ti kẹrosíìnì tó ń jó nínú hítà. Ó fẹ́ sá aṣọ ni. Ibi tí oòrùn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé ló máa ń tẹ́ wọn sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹtù kan ló wà níbẹ̀, aṣọ òkè tó dúdú bí aró tó gbó, tí ìlà funfun tín-ín-rín gba inú rẹ̀. Kò tẹ́ ìyẹn sí oòrùn. Ó gbé e lé itan, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára.

Mo ní, "Ti ta ni, Mọ́mì?"

"Ti Yèyé ni. Aṣọ ìkẹyìn ni."

Yèyé ni ìyá tó bí i lọ́mọ, tó wà ní Iléṣà. Ìjẹ̀ṣà ni wá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlú onílùú. Ẹ mọ irú Yorùbá tó wà lẹ́nu wa nígbà yẹn: à ń gbọ́ ọ, òyìnbó la fi ń dáhùn. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni mo ti máa ń gbọ́ "ìkẹyìn" nínú ilé wa. Búrẹ́dì ìkẹyìn ni bàbá mi ń pe ìdí búrẹ́dì tó le, tó máa ń kù nínú ọ̀rá, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá mi wá ní aṣọ ìkẹyìn, àjẹkù aṣọ ni mo gbọ́.

Fọ́tò kan wà nínú àpótí yẹn pẹ̀lú. Ìyá mi ni, ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó bí mi. Òlèkú ló wọ̀: ìró tó mọ lórúnkún, bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu, gèlè ṣóńṣó, báàgì tó gbé kọ́ ìgúnpá. Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn dé èrìgì. Mi ò mọ obìnrin yẹn rí. Tíṣà ni ìyá mi nílé, ṣùgbọ́n níbí, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Bí bàbá mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí, nínú súwẹ́tà bàbá mi, a máa wo títì. Mo fẹ́ jọ ẹni inú fọ́tò yẹn. Kí n sòótọ́, mo fẹ́ kó padà wá.

Ohun tó tún wá dá kún un ni ilé ìwé. Ọjọ́ kan wà ní sáà kọ̀ọ̀kan tí a kì í wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, súwẹ́tà tí wọ́n fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa dìde, ó nawọ́ sí mi: "Súwẹ́tà mi nìyẹn! Ẹ wò ó, ibi tí mo ti da íńkì sí i nìyẹn!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé aṣọ tí kò ní sẹ́ni tó máa nawọ́ sí ni màá máa wọ̀.

Gógó ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń múra. Ìyá àgbà kan ni, tó ń gbé inú yàrá kékeré lórí òrùlé ilé wa, tó ń fọ àtẹ̀gùn wa lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rí i lọ́jọ́ Àìkú! Kóòtù tó fún un níbàdí, síkẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́po, ìbọ̀wọ́ funfun, bàtà aláwọ̀ méjì tó ń dán bíi dígí. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan kí wọ́n tó ní ó ti dàgbà jù. "Aṣọ ayé ọjọ́un ni tèmi," ló máa ń sọ. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń múra bí ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá."

Òun ni mo gbé fọ́tò àti ẹtù lọ bá, nínú ọ̀rá, pé kó fi rán òlèkú fún mi.

Ó yí aṣọ náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Eish. Ta ló ní sùúrù tó báyìí, tó fi rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí pọ̀? Ìyá rẹ mọ̀ sí i?"

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un bó ṣe yé mi: àjẹkù ni. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ẹtù kò gbà fún un bọ̀rọ̀, ó ń dún bí ẹni ń rún egungun lẹ́nu.

Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé dùn, mi ò ní purọ́. Tíṣà wa ní kí n yí po kí gbogbo wọn rí i. Ọmọbìnrin súwẹ́tà fọwọ́ kan apá bùbá mi. Bí mo ṣe ń bọ̀ ní Rockey Street, awakọ̀ takisí kan tó dúró ní róbọ́ọ̀tì, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, yọ orí síta: "Shap, sísì!" Mo ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni inú fọ́tò. Ọkàn mi ni pé tí ìyá mi bá rí mi, yóò rẹ́rìn-ín yẹn.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀rín náà fẹ́ yọ lóòótọ́, mo rí i. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló wá rí aṣọ.

"Mojí, níbo lo ti rí ẹtù yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ìkẹyìn ni, Mọ́mì."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Aṣọ tí wọ́n máa fi sin Yèyé ni. Ìgbà tí mò ń bọ̀ níbí ló kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní èmi ni kí n fi bo òun, kó lè dá òun lójú pé màá padà wá." Ó fa etí aṣọ náà, ó ń wò ó. "Bó bá jẹ́ títú lẹ tú u, à bá tún un rán. Gígé lẹ gé e."

Kò nà mí. Ì bá nà mí ni. Òwe kan wà tó fẹ́ràn, tó máa ń pa bí mo bá ti ń dán aṣọ wò níwájú dígí: "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà." Lọ́jọ́ yẹn, kò pa á.

Gógó sọ̀kalẹ̀ wá, ó sunkún, òun àti ìyá mi sì jókòó sídìí fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rí ìró so padà mọ́ ìyókù aṣọ náà. Bùbá ni kò ṣeé ṣe. Ó ti ní ọrùn, ó ti ní apá.

Kí òtútù ọdún kejì tó dé, Yèyé kú. Ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Bí ìyá mi bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Ẹtù náà nìkan ló lọ, láìsí bùbá, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń gbé ní Turffontein, tó ń padà sí Èkó. Nígbà tó yá, lẹ́tà àbúrò ìyá mi dé. Ó ní àwọn dúpẹ́, aṣọ náà bá òkú nílé. Ó ní ó kúrú díẹ̀ ni, láti àyà dé ọrùn ẹsẹ̀ ló mọ.

Ìyá mi ká lẹ́tà náà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta."

Kò tún dárúkọ aṣọ náà sí mi létí mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, láàárọ̀ ìgbà òtútù, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń jí mi. Yóò máa fa búláńkẹ́ẹ̀tì mi sí ìsàlẹ̀, yóò máa fi dí ẹsẹ̀ mi, títí àyà mi fi máa wà nínú atẹ́gùn. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Mo ti ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà yẹn lọ báyìí. Ní Fourways níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òlèkú mi àti bàtà mi tó ń dán ni wọ́n fi mọ̀ mí. Àwọn ọmọge máa ń bi mí níbi tí mo ti kọ́ ìmúra. Mo máa ń ní lọ́dọ̀ ìyá mi àti ìyá àgbà kan. Mi ò jẹ́ sọ èyí tó kù. Títí di òní, mi ò lè ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ láìkọ́kọ́ béèrè pé ta ló ni ín, kí sì ni wọ́n ń fi í pa mọ́ fún.

Ìyá mi kú ní Johannesburg níbí, nínú oṣù kẹfà. Mi ò rí ẹ̀rín inú fọ́tò yẹn lójú rẹ̀ títí ó fi lọ. Nígbà tí a wọṣọ fún un tán, mo ní kí wọ́n dúró dè mí. Mo lọ sídìí àpótí irin, mo mú bùbá ẹtù náà jáde, ó ṣì ń rùn káńfọ̀. Mo tẹ́ ẹ lé e lẹ́sẹ̀, mo ki etí rẹ̀ sábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún mi. Èmi náà ti wá ní àkísà tó àgbà. Ní ọmọ ọdún méjìlá, aṣọ yẹn bo apá mi, ó bo àyà àti ẹ̀yìn mi. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá mi, ẹsẹ̀ méjì péré ló tó bò.